Òkúta Kan Lójoojúmọ́

Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀.
Oṣù Kẹsàn-án, 1996.

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ẹni tí kò ní fèsì, torí náà mo ní kí n kàn bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀: ẹ jókòó dáadáa, ẹ nu imú yín, ẹ mú pẹ́ńsùlù jáde. Ìròyìn pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Àkọ́kọ́ ni pé lẹ́sìnnì họ́lidé yín kò kú. Àná la parí ti ọdún yìí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko la fi ṣe é lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, gírámà láàárọ̀, ìṣirò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán. Ẹ sì wá gbọ́ ẹni tó kọ́ wọn: èmi ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi yìí kan náà, tí inú máa ń run nígbàkúùgbà tí ìṣirò bá kàn, tí ẹ ó ní kí n lọ mu àgbo, tí inú rírun náà á sì lọ lójú ẹsẹ̀.

Kì í ṣe pé ó wù mí láti ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, torí ẹ ò fẹ́ràn irọ́ rí. Lẹ́yìn ìsìnkú yín, ewúrẹ́ ló gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Họ́lidé Kérésì kọjá, ti Àjíǹde kọjá, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sójú bọ́ọ̀dù. Ìgbà tí họ́lidé ńlá ń bọ̀ lọ́nà ni Bọ̀ọ̀dá, àkọ́bí yín, ti Ìbàdàn dé, ó ní ká fi búlọ́ọ̀kù dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ká sọ ọ́ di yàrá méjì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń wá ilé, bí àwọn onílé ní Ìlódè ṣe ń ṣe. Kì í ṣe ìkà ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, ó rí i pé nǹkan kò rọrùn fún Màámi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò, inú bí mi débi pé mo bá a jà bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àwa méjèèjì.

Màámi ló dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ràn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí n ṣe lẹ́sìnnì họ́lidé yìí níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ń wá títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan án. Bí wọ́n bá tú ká, kí bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ yunifásítì sì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ilé ni mo jókòó sí, mi ò rí àwáwí kankan wí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́rin ló wá. Ọ̀kan nínú wọn rò pé a fẹ́ pín bísíkíìtì ni. Mo dúró níwájú bọ́ọ̀dù. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é, Bàámi? Báwo ni odindi ọmọ á ṣe jókòó jẹ́ẹ́ ti gírámà nínú họ́lidé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà, tí yóò sì tún padà wá lọ́la?

Mo lọ ṣí àpótí yín. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle yẹn ni mo bá lókè, èyí tí ẹ kọ iṣẹ́ ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan sí. Ojú ewé kan, ọjọ́ kan. Nínú iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi bírò pupa yí ibì kan ṣoṣo ká. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí òkúta.

Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ẹ ní kò sí ìrẹsì Ọ̀fadà tí kì í ní òkúta nínú, ẹni tí kò bá sì fara balẹ̀ ṣà á, eyín ni yóò fi wá a. Lójoojúmọ́ lẹ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kan sójú bọ́ọ̀dù, ẹ ò sì ní sọ bóyá inú gírámà ló wà tàbí inú ìṣirò. Ọmọ tó bá rí i ni yóò lu agogo ìparí, ìyẹn rímù ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ so mọ́ igi máńgòrò. Ẹni tó bá fèélì jù lọ́jọ́ náà ni yóò gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ ní kì í ṣe ìyà, pé bí èèyàn bá ń gbálẹ̀ ni orí rẹ̀ máa ń là.

Ẹ gbọ́n, Bàámi. Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ẹ ṣe gbọ́n tó. Ọmọ tó ń wá àṣìṣe tíṣà kò ní mọ̀ pé òun ti ka gbogbo bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ ò na ẹnikẹ́ni, ẹ ò pariwo, òkúta kan péré lẹ fi ń dá wọn jókòó. Kí ló dé tí ẹ ò fi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rí? Àbí mi ò bi yín ni?

Mo kó bátìrì tó ti kú jọ, mo gún dúdú inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ewé kókò bí a ṣe máa ń ṣe é, mo fi pa bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ mi dúdú dé ìgúnpá. Ṣẹ́ẹ̀tì kakí yín ṣì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣọ́ọ̀kì kékeré kan sì wà nínú àpò rẹ̀, èyí tí Màámi máa ń torí rẹ̀ bá yín jà ní gbogbo ọjọ́ aṣọ fífọ̀. Mi ò lè mú un. Mo lọ ra tèmi.

Nígbà tí àwọn ọmọ gbọ́ pé òkúta ti padà, ẹsẹ̀ kò gbèrò mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mọ́kànlélógún ni wọ́n: ọkùnrin mẹ́sàn-án, obìnrin mẹ́tàlá. Mo ti ń yan kiri inú ilé. Mo ti ń wo búlọ́ọ̀kù Bọ̀ọ̀dá tìkà-tẹ̀gbin.

Àṣé ìgbéraga ni. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì mú ọmọ rẹ̀ méjì wá, ó ní òun fẹ́ wo bí mo ṣe ń kọ́ni ná. Ó dúró lẹ́yìn, ó káwọ́ sẹ́yìn. Inú gírámà ni mo fi òkúta ọjọ́ náà sí. Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin yẹn kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Nígbà tí a dé orí ìṣirò, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo kọ ọ́.

Rìsíkátù ló rí i. Ọmọ télọ̀ ẹ̀yìn mọ́sálásí ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ. Ó fò dìde, ó ní, “Àǹtí, mo ti rí òkúta. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni.” Gbogbo ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Èmi ńkọ́? Mo ní, “O káre, Rìsí, ìyẹn gan-an ni,” mo sì ní kó lọ lu agogo. Irọ́ ni mo pa, Bàámi, lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Òkúta tòótọ́ ṣì wà lójú bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó wá a mọ́. Ọkùnrin náà ní àwọn ọmọ òun á bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Mi ò lè jẹun ọ̀sán. Nǹkan tí mo ti gbé jù sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí ló padà wá bá mi. Ṣé ẹ rántí họ́lidé ọdún tí mo wà ní praimárì fáìfù? Ọmọ kan rí àṣìṣe kan lójú bọ́ọ̀dù. Ẹ yíjú wò ó, ẹ ní, “Èyí kì í ṣe òkúta. Èmi ni mo ṣì í.” Ẹ wá mú ìgbálẹ̀. Ẹ̀yin, tíṣà àgbà, tí gbogbo Òkèrèwè ń dọ̀bálẹ̀ kí, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àwọn ọmọ kékeré, ẹ ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti igun kan dé èkejì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ti Ìrẹmọ wá ń kọjá lọ lójú ọ̀nà, wọ́n dúró, wọ́n ń wò. Mo sá wọ ilé ìdáná, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọmọ tíṣà agbálẹ̀ ni wọ́n ń pè mí ní gbogbo táàmù tó tẹ̀ lé e. Mo di í sínú sí yín, mi ò sì sọ ọ́ títí ẹ fi lọ. Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ mi lábẹ́ ilẹ̀kùn náà? Mo máa ń rò pé ẹ rí i, torí ẹ ò pè mí pé kí n wá kó pàǹtí. Ojú yín ni mo tì nígbà yẹn, Bàámi. Ẹ dárí jì mí. Nínú gbogbo ohun tí mo rí yín ṣe láyé, ìyẹn ló tóbi jù, mo sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ ń ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mi ò nu bọ́ọ̀dù. Mo dúró de ọkùnrin náà títí ó fi mú àwọn ọmọ rẹ̀ dé. Mo mọ̀ pé bó bá mú wọn padà, kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n á ti máa sọ ọ́ káàkiri pé ọmọ tíṣà kò mọ ìṣirò, àwọn òbí tó kù á sì kó ọmọ wọn lọ. Síbẹ̀, mo sọ ọ́. Mo ní òkúta méjì ló wà lójú bọ́ọ̀dù lánàá, pé èyí tí Rìsí rí, èmi ni mo ṣì í, mo sì parọ́ lé e. Òkúta gan-an ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n wá a. Mo mú ìgbálẹ̀.

Màámi ló dá sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé yín kọjá lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni Màámi ń gbà wọlé. Mo rí wọn tí wọ́n jáde sí wa, wọ́n gbé ike omi dání. Wọ́n ní, “Wọ́n omi sí i ná. Bàbá rẹ kì í gbá ilẹ̀ gbígbẹ.” Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wọ́n ọn, ní gbogbo ibi tí ẹ máa ń dúró sí.

Ọkùnrin náà ò mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ó bá mi gbé bẹ́ǹṣì kúrò kí n lè gbá abẹ́ rẹ̀ ni. Kí n tó gbálẹ̀ tán, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti rí òkúta gírámà. Ní ọjọ́ Ajé, ọkùnrin kan náà mú ọmọ aládùúgbò rẹ̀ mẹ́ta wá. Bẹ́ǹṣì ò gbà wọ́n mọ́. Ẹ mọ ibi tí wọ́n jókòó sí? Búlọ́ọ̀kù Bọ̀ọ̀dá ni. Wọ́n kó o wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi páálí tẹ́ orí rẹ̀.

Àná ni Bọ̀ọ̀dá dé pẹ̀lú bíríkìlà. Wọ́n bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń wá òkúta ọjọ́ ìkẹyìn, wọn ò rí i. Bíríkìlà wo búlọ́ọ̀kù, ó wo ìdí àwọn ọmọ tó wà lórí rẹ̀, ó wo Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá jókòó sórí èyí tó ṣófo lẹ́yìn pátápátá, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó ń ka bọ́ọ̀dù. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sókè bí ọmọ praimárì. Mo wọlé lọ mú ṣọ́ọ̀kì inú àpò yín wá fún un, òun ló fi tún òkúta náà kọ. Ó jáde lọ síbi igi máńgòrò, ó lu rímù náà títí apá fi ń ro ó. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí bíríkìlà máa lọ.

Mo wá ọjọ́ tí ẹ gbálẹ̀ yẹn nínú ìwé yín, mo rí i. Ẹ ya ìgbálẹ̀ kékeré kan sétí ojú ewé náà. Mo ṣí ìwé náà síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn: ìgbálẹ̀ mẹ́rin. Ìgbà mẹ́ta mìíràn tún wà tí mi ò sí níbẹ̀ pàápàá. Mo ya tèmi sísàlẹ̀ tiyín.

Ó ku nǹkan kan. Mo fi òkúta kan sínú lẹ́tà yìí. Inú ìṣirò ló wà, kò sí nínú gírámà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí i ni. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà kí ẹ fi kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ mọ ibi tí agogo wà.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn.