Ààlà Gba Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Rosamund ọmọ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé òtútù New Zealand ò pọ̀ jù? Ara mi le, ayọ̀ ni mo sì fi ń kọ èyí.

Lánàá ni gbogbo abúlé tẹ̀ lé àlùfáà yí ààlà ìjọ Aldersby wa ká, tí wọ́n ń fi ọ̀pá na òkúta ààlà kí ẹnikẹ́ni má bàa gbàgbé ibi tó wà. Èmi ò bá wọn rìn lọ́dún yìí, ilẹ̀ ń yọ̀. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ìwé àtijọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé ilé ìdáná wa ni ààlà gbà kọjá, ibẹ̀ náà sì ni mo ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì mi wá, torí ó móoru.

Bí wọ́n ṣe wọlé, Gwen aládùúgbò wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Hedley, ẹsẹ̀ ẹ nìkan ló wà lọ́dọ̀ wa. Orí ẹ ti wọ ìjọ Coldbeck lódì kejì. Ibẹ̀ ni wọ́n á sin ẹ́ sí."

Mo ní, "Ká má rí i. Ẹ̀gbẹ́ ibojì ìyá Rosamund níbí ni tèmi. Ẹ yí mi padà."

Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì náà pẹ̀lú èmi lórí ẹ̀, wọ́n yí i. Àlùfáà fi ọ̀pá na ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Aldersby ló ni ín." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n sì gba fèrèsé jáde bí ìṣe wa, torí ibẹ̀ ni ààlà gbà. Gwen há síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n sinmi.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Má da ara rẹ láàmú pé o fẹ́ wá. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé lánàá, mo ní kí wọ́n má tì í.

Bàbá rẹ,
Hedley