Aṣọ Tí Mo Sá Sára Áńtẹ́nà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Jakande níbí, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí náà. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, mo kí ìyàwó wọn tó ń tọ́jú yín. Tọ́lání, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹni tó bá ń kà á fún yín, kó rọra máa kà á.

Ara wa le. Òjò ló kàn ń rọ̀ ṣáá. Bí ọmọ mi àti ìyàwó ẹ̀ bá ti jáde láàárọ̀, ó ku èmi àti tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá pè pé àwọn onítẹlifíṣọ̀n wá ya àwọn àgbà Àpòmù, pé ẹ wà níbẹ̀, pé Sátidé ni wọ́n máa fi hàn, mo jó lórí ìjókòó. Ó ti lé lọ́dún méjì tí dókítà ti ní kí n má wọkọ̀ ọ̀nà jíjìn. Fóònù yín, ohùn nìkan ló ń gbé wá. Mo ní ó kéré tán, n óò rí ojú yín.

Àfi bí àwòrán ṣe lọ pátápátá. Ọmọ mi pe Mùfú, ará Ìṣẹ́yìn tó ń ṣe áńtẹ́nà l'Ájáh. Ó gun òrùlé, ó ń yí i, ìyàwó ọmọ mi dúró lójú fèrèsé, èmi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Mùfú á bi ìyàwó bóyá ó ti dé, ìyàwó á bi mí. Kí ìdáhùn mi tó dókè, ó ti yí i kọjá. Ó ní àwòrán ìsinsìnyí kì í ṣe wúruwùru bíi ti àtijọ́, ó máa ń ronú díẹ̀ kó tó hàn, ká ní sùúrù. A ní sùúrù, ó hàn kedere.

Lọ́jọ́ kejì, àwòrán tún lọ. Mùfú padà wá pààrọ̀ wáyà, ó hàn. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ. Mo ní aṣọ híhun ni kí ará Ìṣẹ́yìn gbájú mọ́.

Nígbà tó dé láàárọ̀ Sátidé, kò gun òkè rárá. Ó dúró nísàlẹ̀, ó wòkè, ó ní, "Màmá, ta ló ni ìró olómi yẹn?"

Èmi ni mo ni ín o. Òkè pátápátá là ń gbé, páìpù áńtẹ́nà gba ẹ̀gbẹ́ fáràńdà wa lọ sókè, èmi sì ti so okùn ìsáṣọ mọ́ ọn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà là ń sáṣọ sí? Bí ìró bá ti mumi, tí atẹ́gùn sì gbé e, á wọ́ áńtẹ́nà dojú kọ òkun. Mùfú ní ẹja ló kù kó máa fi hàn mí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, mo kó aṣọ mi wọ yàrá, ó sì yí áńtẹ́nà padà.

Nírọ̀lẹ́, ẹ yọ. Gèlè aró tí mo fi ránṣẹ́ lẹ wé. Ọmọ tó ń bi yín léèrè ní ṣé ẹ ní ọ̀rọ̀ fún aráàlú. Ẹ wo iwájú gan-an, ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ń rí mi?"

Mo dìde, mo dáhùn. Tọ́lání ní, Màmá àgbà, wọn ò lè gbọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó mú bírò.

Mo ń rí yín, Ìyá mi. Mo rí yín dáadáa.

Ojú yín ò ní ṣókùnkùn, ẹ̀mí yín á gùn sí i. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà inú ilé.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́