Bí Wọ́n Ṣe Gbé Ìpéǹpéjú Fúnmilọ́lá Sókè

                                                            Ilé Ọmọ́tọ́ṣọ́,
                                                            Òkè-Ẹ̀ṣọ̀,
                                                            Iléṣà.
                                                            Ọjọ́ kẹrìndínlógún,
                                                            oṣù kọkànlá, ọdún 1957.

Ràṣídátù ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Àmínù tí mi ò lè fi wé ẹlòmíràn,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Àmínù ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni? Àmínù fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n dìde kírun? Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ kú eruku. Ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Alékùwọ́dò ńkọ́, ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ti gbọ́ràn, tàbí ó ṣì ń já òwú mọ́ ọ lọ́wọ́? Ara àwa náà le níbí. Silas ọkọ mi ń bẹ lóko, kòkó ti pọ́n, ọjọ́ Sátidé nìkan ni à ń rí i. Bí o bá ń bínú pé láti oṣù kẹjọ ni mi ò ti kọ̀wé, o jàre. Ṣùgbọ́n sọ ìbínú náà kalẹ̀ ná, kí o gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ràṣí, Fúnmilọ́lá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú! Wọ́n ti gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè. Mo ń kọ ọ́ báyìí, mo ń rẹ́rìn-ín, ayọ̀ ni o.

Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i, nígbà tí à ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ pọ̀ ní Òṣogbo, tí mo pọ̀n ọ́n, tí o ní, “Julianah, ọmọ yìí kì í la ojú tán.” Mo bá ọ jà lọ́jọ́ náà. Òótọ́ lo sọ. Ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì wúwo láti inú oyún, ti òsì ló burú jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọmọlójú. Kí ó tó lè rí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, àfi kí ó gbé àgbọ̀n sókè. Ohun tó sọ ọmọ mi di agbéraga lẹ́nu gbogbo ará Iléṣà nìyẹn. Tíṣà nà án nílé ìwé pé ó ń sùn, àwọn ìyá ìjọ ní ó ń fojú di àgbà. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀rù ló máa ń bà á láti sọ̀rọ̀!

Ó di ọdún yìí, tí Ọdúntán, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba, ní Fúnmi ni òun fẹ́. Inú wa dùn. Ìyá rẹ̀ wá sílé wa ní oṣù keje, ó jókòó, ó mu omi, ó ní òun kò rí àléébù lára ọmọ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìyàwó tí yóò máa wo òun láti òkè ń ba òun, àti pé òun kò fẹ́ ọmọ-ọmọ tí yóò máa tòògbé lójú ọ̀sán. Ó ní kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìdána ṣì dúró ná. Ràṣí, omi ìfọṣọ wà nítòsí mi. Ọlọ́run ló gba obìnrin yẹn lọ́wọ́ mi.

Ìdí nìyí tí mo fi gba ìmọ̀ràn rẹ pé kí a lọ rí dókítà ojú ní ilé ìwòsàn àwọn oníhìnrere ní ọ̀nà Ìbàdàn. Kí n má purọ́ fún ọ, kì í ṣe nítorí kí ó lè ríran ni mo ṣe wọ lọ́rì. Mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ ràn gbòò bí òṣùpá, kí ìyá Ọdúntán rí i, kí ẹnu rẹ̀ wọhò.

Adédìran ni dókítà náà ń jẹ́. Ọmọ wa ni o, dúdú bí èmi àti ìwọ, ìlú òyìnbó ló ti lọ kọ́ ìmọ̀ ojú. Mo rò pé tí a bá ti débẹ̀, yóò mú ọ̀bẹ, ó parí. Kò mú ọ̀bẹ kankan. Ìbéèrè ló ń da bò wá bí adájọ́. Ṣé láti kékeré ni ojú náà ti rí bẹ́ẹ̀, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni? Ó ní bí ìpéǹpéjú àgbàlagbà bá ṣàdédé wálẹ̀, àìsàn mìíràn lè wà nídìí rẹ̀ tí ọ̀bẹ kò lè wò. Ṣé ojú máa ń gbẹ ẹ́? Tí nǹkan bá gé e, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń tètè dá? Àgbo wo ló ń mu? Ó ní kí Fúnmi di ojú méjèèjì pa, ó fi ìka gbìyànjú láti là á, kò là, ó ní ìyẹn dára, iṣan tó ń pa ojú dé lágbára. Ìgbà náà ló wá béèrè ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ abẹ yìí. Mo ní àwa ni. Ó ní òun kò bi mí, Fúnmi lòun ń bi. Fúnmi rọra ní òun náà fẹ́ ẹ; inú ń bí mi.

Ó ní a lè fi ojú náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kò ní í pa á. Ó ní àwọn kan ń lo awò ojú tí wọ́n so wáyà tín-ín-rín mọ́ lẹ́yìn, tí wáyà náà á máa gbé ìpéǹpéjú ró, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bọ́ awò, ojú á tún wálẹ̀. Èyí tó kù ni iṣẹ́ abẹ. Yóò la ìpéǹpéjú, yóò ké iṣan tó ń fà á sókè kúrú, yóò sì rán an padà. Ìyẹn yé mi dáadáa, bí a ṣe ń ká apá bùbá tó gùn jù ni. Ṣùgbọ́n ó ní aṣọ tí a ká jù, a lè tú u. Ìpéǹpéjú tí a bá ké jù, ojú kò ní lè padé mọ́ bí ènìyàn bá sùn, ẹyinjú á gbẹ, á dégbò, ènìyàn sì lè fọ́jú. Bí a bá sì ké e níwọ̀nba, á ṣì máa wọlẹ̀ díẹ̀. Ó ní òun kò lè ṣèlérí pé ọ̀tún àti òsì á bára dọ́gba, ẹni tó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún wa, kí a sá fún un. Ìwọ náà tí o kọ̀wé pé ìpéǹpéjú rẹ ti ń rọ̀, fi èyí sọ́kàn kí o tó máa sáré o, arẹwà Òṣogbo.

Wọ́n dá ọjọ́ fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Nọ́ọ̀sì ka òfin fún wa: kó má jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó má mu àgbo fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a má fi ohunkóhun sí ojú náà. Mo gbọ́ o, mo tiẹ̀ tún un sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé, tí ọmọ mi wẹ̀, tó wọ aṣọ funfun, mo wo ojú rẹ̀, ó ṣófo. Ìyá wo ló ń mú ọmọbìnrin lọ síbi pàtàkì láìlé tìróò fún un? Ìyá mi lé e fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó tún lé e fún mi lọ́jọ́ ìkómọ Fúnmi. Tìróò tí bàbá ọkọ rẹ mú bọ̀ láti Mẹ́kà, tí o fi ta mí lọ́rẹ, ń bẹ nínú àpò mi. Mo ní oògùn ni wọ́n ní kí a má fi sí i, tìróò kì í ṣe oògùn, ọ̀ṣọ́ ojú ni. Fúnmi ní, “Màámi, ṣé ẹ rò pé ó dáa?” Mo ní kí ó gbé ojú sókè jàre. Mo lé e, ó dúdú minijọ.

Dókítà tan iná sí ojú náà, ó pa iná, ó yíjú sí mi. Ó ní, “Màmá, kí lẹ fi síbí?” Mo ní tìróò ni, ojúlówó, láti Mẹ́kà. Nọ́ọ̀sì kan bú sẹ́rìn-ín, dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lẹ́bùlẹ́bù yẹn ti wọ etí ìpéǹpéjú, bí òun bá fi ọ̀bẹ là á, á wọ inú ọgbẹ́, ó lè mú kí ó kẹ̀. Wọ́n fọ ojú ọmọ mi títí ó fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí a padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú tì mí, Ràṣí, mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé.

Àṣé Ọlọ́run ń bẹ nínú rẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì tí a jókòó sí lẹ́yìn tí wọ́n fọ ojú náà tán, a bá obìnrin kan pàdé, Mọ́nsúrátù, tó ń ṣòwò àwo tánganran. Ojú rẹ̀ tóbi, ó gún régé, mo ní irú ojú tí mo ń wá nìyí! Ó ní ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ṣe é fún òun, òun ló sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e sókè pátápátá kí ó lè dára nínú fọ́tò. Láti ọjọ́ náà kò padé mọ́. Aṣọ ló fi ń so ojú kí ó tó sùn, ẹyinjú kan sì ti ń funfun. Nígbà tó ṣe, oorun gbé e lọ lórí bẹ́ǹṣì náà, ojú rẹ̀ sì ń wò wá. Kò mọ̀ pé ó ń wò wá. Fúnmi dúró wò ó pẹ́.

A padà sí Iléṣà. Ní ọjọ́ kẹta, Fúnmi ní òun ti mọ ohun tí òun yóò sọ fún dókítà: kí ó gbé e sókè kìkì ibi tí kò ní í bo ọmọlójú mọ́, kí ó dúró níbẹ̀. Mo fi igbe ta. Mo ní ṣé ìlàjì ojú ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó sórí pákó lọ́rì dé ọ̀nà Ìbàdàn? Kí ni ìyá Ọdúntán yóò wí? Ọmọ tí kì í dá mi lóhùn rí, ó ní, “Màámi, ojú tí n ó fi ríran ni mò ń wá, kì í ṣe ojú tí wọ́n á máa wò.” Mo fi ẹjọ́ sun bàbá rẹ̀ nígbà tó ti oko dé. Silas ń jẹ iyán, kò gbójú sókè, ó ní, “Julianah, ojú ta ni?” Mo ní ohun tó bá ojú ló bá imú, èmi ni mo bí i. Ó ní, “Ojú ta ni?” Ó bi mí títí tí mo fi jẹ́wọ́ pé ojú Fúnmi ni.

Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá. Èmi fúnra mi ni mo fi omi lásán bọ́jú fún un láàárọ̀. Wọn kò mú un sùn, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pa ìrora ojú náà, kí ó lè máa wòkè, kí ó máa wolẹ̀, kí dókítà lè máa wọn ìpéǹpéjú. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbàdúrà. Fúnmi ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí wọ́n ṣe tòsì, dókítà ní ó ṣì wọlẹ̀ díẹ̀ ju tọ̀tún lọ, ṣé kí òun fi kún un? Fúnmi bi dókítà pé tó bá fi kún un, ṣé ojú náà á padé? Dókítà ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọmọ mi dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ọ̀bẹ ń bẹ lórí ojú rẹ̀, ó ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ràṣí, tó bá jẹ́ èmi ni, mo mọ ohun tí ǹ bá sọ.

Ojú náà wú, ó dúdú bí ojú ẹni tí wọ́n lù. Aṣọ tútù ni à ń gbé lé e, ìrọ̀rí mẹ́ta ló fi ń sùn. Wọ́n tú òwú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà, a sì wálé. Dókítà ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò gbọdọ̀ ru ẹrù, kò gbọdọ̀ tẹríba, kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀.

Àbí o ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Ní Tọ́sìdeè tó kọjá, ìyá Ọdúntán yọ sí wa láìròtẹ́lẹ̀. Fúnmi dìde. Kò kúnlẹ̀. Ìyá náà wò mí, ó mi orí, bí ẹni pé, “Ṣé ẹ wá rí ohun tí mo wí?” Mo ti la ẹnu tán, Fúnmi ṣáájú mi. Kò gbé àgbọ̀n sókè. Ó wo ìyá náà lójú kòrókòró, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i, ó ní, “Ẹ má bínú mà, dókítà ni kò tíì gbà kí n kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí yín dáadáa. Ẹ káàbọ̀, mà.”

Ìyá náà sún mọ́ ọn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní tòsì yìí mà ṣì ń wọlẹ̀ díẹ̀, ṣé bí dókítà ṣe ṣe é tì nìyẹn? Fúnmi rẹ́rìn-ín músẹ́. “Rárá o, mà. Bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe é nìyẹn.”

Orí mi wú, Ràṣí! Èmi tí mo bá a jà nítorí ìlàjì ojú, èmi ni mo ń yan káàkiri pálọ̀ bí ìyàwó ọba. Ìyá náà jókòó, ó béèrè omi. Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó fà mí mọ́ra, ó ní ìpéǹpéjú òun náà ti ń bo òun lójú láti bí ọdún méjì, ṣé mo lè kọ orúkọ dókítà yẹn fún òun. Mo kọ ọ́, mo sì kìlọ̀ fún un nípa tìróò. Ìdána di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní. Ìwọ ni yóò rán aṣọ Fúnmi, nítorí náà má ṣe bá mi wá àwáwí kankan.

Bá mi kí Bàbá Àmínù, bá mi kí ìyá ọkọ rẹ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, sọ fún Àmínù pé kí ó máa fi oyin sí omi gbígbóná. Silas ní kí n kí gbogbo yín.

Ọ̀sán ni mò ń kọ ìwé yìí. Fúnmi ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti gbé kálámù sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ojú rẹ̀ méjèèjì padé, Ràṣí. Wọ́n padé ṣinṣin.

                                                            Ọ̀rẹ́ rẹ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mí,
                                                            Julianah Ọmọ́tọ́ṣọ́
                                                            (Ìyá Fúnmilọ́lá)