Àgbo Tí A Kì Í Dárúkọ ní Ìtòrí

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́ o. Àwọn oníláfún yín ní Kọ́bapẹ́ ṣì ń béèrè yín lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé ẹ kàn rìnrìn àjò ni.

Kíndìnrín mi ló mú mi kọ̀wé. Oògùn HIV tí a jọ ń lò, tí ẹ máa ń fi òkèlè láfún bò fún mi kí n lè gbé e mì, ti ń da kíndìnrín náà láàmú. Ìtọ̀ mi kọ́kọ́ ń hó bí omi ọṣẹ, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ mi wú. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo rántí ẹsẹ̀ tiyín. Ẹ ní bí ẹ ṣe ń dúró pẹ́ lọ́jà ló fà á. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àbí ẹ ò fẹ́ kí n bẹ̀rù ni?

Ilé ìwòsàn Ìtòrí la ti ń gba oògùn, kí ará àdúgbò wa kankan ní Kútọ̀ má baà rí wa. Òfin yín sì ni pé bí ọjọ́ Ìtòrí bá ti ń súnmọ́, a ó pa àgbo ẹ̀yìn dídùn tí à ń mu nílé tì, kí àyẹ̀wò má baà tú àṣírí pé à ń mu ún. Ẹ gbà pé àgbo yẹn ló ń fọ kíndìnrín. Nígbà tí ẹsẹ̀ yín ń wú, ńṣe lẹ fi kún un. Kí àwọn dókítà tó mọ̀ pé kíndìnrín ni, ẹ ti jáde láyé.

Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì àgbà tó máa ń bá yín ṣàwàdà wo èsì àyẹ̀wò mi títí. “Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé ò ń mu àgbo?”

“Bẹ́ẹ̀ kọ́” ti wà lẹ́nu mi, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo wo ẹsẹ̀ mi. “Mò ń mu ún, mà. Màámi náà mu ún.” Ni mo bá bú sẹ́kún. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n ní kí n pa àgbo tì, dókítà sì pààrọ̀ oògùn mi. Ṣé wọ́n bi ẹ̀yin náà rí, Màámi? Àbí wọ́n bi yín, tí ẹ kàn rẹ́rìn-ín?

Mo bínú sí yín nínú mọ́tò. Kí a tó wọ Abẹ́òkúta, àárò yín ti borí ìbínú náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo tú àṣírí wa.

Èsì tuntun ti dé, kíndìnrín ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Hóró oògùn tuntun yìí kéré, omi lásán ti tó fún un. Síbẹ̀, mò ń ro láfún nírọ̀lẹ́, mò ń fi òkèlè kan bò ó, kí n tó gbé e mì.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ dàgbà jù yín lọ.