Ìjókòó Bàbá Nínú Ọkọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ṣé ìyàwó wa àtàwọn ọmọ wà dáadáa? Màmá ń kí yín, orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀.

Mo tú bátìrì ọkọ̀ Bàbá láti fọ ẹnu rẹ̀ tó ti dípẹtà. Nígbà tí mo dá a padà, ọkọ̀ ti gbàgbé gbogbo nǹkan. Rédíò ń béèrè nọ́ńbà àṣírí, gíláàsì kò gòkè tán. Mẹkáníìkì ní ká ra kọ̀ǹpútà tuntun sí i. Mo ní irọ́ ni! Mo tẹ bọ́tìnnì gíláàsì títí tó fi gòkè tán, mi ò tètè fi í sílẹ̀, ó sì gbọ́ràn.

Ó wá ku ìjókòó awakọ̀. Àfi kó lọ síwájú tán, kó padà sẹ́yìn tán, kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé látìgbà tí Bàbá ti kú, Màmá kò jẹ́ ká sún un kúrò níbi tí Bàbá fi í sí. Ìrọ̀rí ni mo ń fi sẹ́yìn wakọ̀. Màmá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Wọ́n ní, “Tẹ̀ ẹ́. Fi í síbi tí ẹsẹ̀ tìẹ máa dé.”

Nítorí náà, ẹ má bínú, ẹ ní ká ta ọkọ̀ yìí, àmọ́ a ò tà á mọ́. Bí nọ́ńbà àṣírí rédíò bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà.

Èmi àbúrò yín kúkúrú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé bíréèkì.