Ọta Tí Bàbá Kì fún Verlin

Verlin àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Yìnyín ti bo Michigan.

Jọ̀wọ́, má yin ọta àgbọ̀nrín tí Bàbá kì fún ọ nígbà tí o wá. Òun ló kọ́ wa pé ìgò ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì tí a ti ń kì ọta, kí a má baà ṣì wọ́n mú. Lánàá, méjì ni mo bá níbẹ̀. Mo tú ọta kan nínú èyí tó kù sílé lára tìrẹ: ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ tó ń yára jó ló kì sínú rẹ̀. Bí o bá yìn ín, ìbọn ọdẹ rẹ lè bú mọ́ ọ lójú.

Mo bi Bàbá nípa rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Lorna, ìwọ tó ń bẹ̀rù ariwo ìbọn, o fẹ́ kọ́ mi ní ẹ̀tù?"

N kò sunkún. Mo kàn dé ìgò méjèèjì.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín. Bí Bàbá bá pè, sọ fún un pé ọta rẹ̀ lo fi pa àgbọ̀nrín, kí ojú má baà tì í.

Lorna, ẹ̀gbọ́n rẹ