Ẹsẹ̀ Bàbá Ọláìyá Kò Ṣáájú Wọn Dé Sàréè

Bàbá Rùfáì Àkànní Ọláìyá (1944–2009)

Ìdílé Ọláìyá kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá bá wọn ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé olóògbé yìí nìkan ni ẹ̀dá Ọlọ́run tó hu ẹsẹ̀ tuntun, láti ìdí títí dé àtàǹpàkò, bí alángbá ṣe ń hu ìrù. Gbogbo Owódé Onírin ló lè jẹ́rìí sí i, àfi àwọn tó wà níbẹ̀.

Ìkòsí ni wọ́n ti bí Bàbá ní ọdún 1944, nínú ìran àwọn apẹja tó ti ń ju àwọ̀n sódò kí ẹnikẹ́ni tó lálàá ọ̀nà Ìkòròdú. Igbe tí wọ́n ké lọ́jọ́ náà, adìyẹ Ìkòsí ò yé ẹyin fún oṣù kan gbáko.

Ní ọdún 1951, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kétu. Ní 1955, wọ́n gun igi àgbálùmọ̀ tíṣà, ajá tíṣà sì gé wọn jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Títí tí wọ́n fi jáde láyé, Bàbá ò gbà pé àwọn fi ilé ìwé sílẹ̀. Wọ́n ní ilé ìwé ló sá fún àwọn.

Ní ọdún 1970, wọ́n fẹ́ Rùkáyátù, ìyá aláta Mile 12. Bàbá ti sọ fún àna wọn pé àwọn ní ọkọ̀ ojú omi. Òótọ́ ni. Ọkọ̀ alájẹ̀ kan ni, ó sì ń jò. Ní 1978, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù irin ní Owódé Onírin, níbi tí Ọlọ́run ti kẹ́ wọn.

Ọdún 2004 ni páànù irin já bọ́ láti orí ọkọ̀, ó sì la ojúgun òsì wọn. Bí àwọn onírin ṣe máa ń ṣe, wọ́n da ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì sí ojú ọgbẹ́. Ọgbẹ́ náà bá rà. Ilé ìwòsàn kan ní àfi kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà ní orúnkún. Mọ̀lẹ́bí ní kí wọ́n gbà. Felix, tó ń ta gíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, tiẹ̀ ń fi wọ́n ṣeré pé: “Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e, màá bá yín wá tòkunbọ̀.”

Bàbá dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. “Felix, odindi ni ìyá mi bí mi. Ẹsẹ̀ mi ò ní ṣáájú mi dé sàréè.”

Aliyah, àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ló gbé wọn lọ bá Dókítà Ládé ní àdúgbò Anthony. Dókítà ò ṣèlérí. Ó ní bí ìjẹrà bá gun òkè, òun á gé e, ẹnikẹ́ni ò sì ní bá òun jà. Bàbá gbà bẹ́ẹ̀. Dókítà fọ ọgbẹ́ náà títí ẹran pupa fi yọ, ó wá ṣí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí itan wọn, ó tẹ́ ẹ sí ojúgun, bí àwọn tó ń dáko ẹ̀fọ́ ṣe ń fa ẹ̀fọ́ tu kúrò lójú kan lọ gbìn sójú mìíràn. Awọ náà mú. Itan tí wọ́n ti ṣí i náà tún hu awọ tirẹ̀.

Dókítà wá ṣàlàyé pé ara èèyàn ní irúgbìn tirẹ̀. Bí wọ́n bá gé lára ẹ̀dọ̀, á hù padà. Nínú mùdùnmúdùn eegun, àwọn ìyá sẹ́ẹ̀lì wà tó ń bí ẹ̀jẹ̀ tuntun lójoojúmọ́. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń hu awọ nínú abọ́ fún ẹni tí iná jó, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí ọkàn tó ti rẹ̀ àti ojú tó ti fọ́ yóò fi tún ara wọn ṣe. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó hu odindi ẹsẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni Bàbá gbọ́, àyàfi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, wọ́n á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa wàásù pé kí ẹnikẹ́ni má da ọ́ìlì sí ọgbẹ́ mọ́. Nígbà tí irin gé Mutolib, ọ̀kan nínú àwọn onírin, lọ́wọ́ ní 2007, ọrùn ẹ̀wù ni Bàbá fi wọ́ ọ dé ilé ìwòsàn. Ìka rẹ̀ pé lónìí.

Àwọn tí wọ́n fi sáyé lọ ni Ìyá Rùkáyátù. Àwọn ọmọ wọn Aliyah, Roqeeb àti Wùmí. Àti ọmọ-ọmọ rẹpẹtẹ, tí ariwo wọn fi hàn pé wọn kì í ṣe ọmọ àlè.

Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ Roqeeb lọ́dún yìí, Bàbá ká ṣòkòtò sókè níwájú àwọn àna. Wọ́n ní wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà sọnù pátápátá, àwọn sì fojú àwọn rí èyí tuntun bó ṣe ń yọ, ìka ló kọ́kọ́ jáde. Àwọn àna lanu sílẹ̀. Aliyah kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan àpá tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ wọn.

“Dádì, ṣé ẹsẹ̀ tuntun yìí náà ni ajá tíṣà gé jẹ?”

Bàbá wo ojú eyín ajá, wọ́n wo àwọn àna, wọ́n he fìlà, ó di eré. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin! Láti ọjọ́ páànù, ẹnikẹ́ni ò rí i kí wọ́n sáré. Ilé gba ẹ̀rín, ṣùgbọ́n Ìyá Rùkáyátù ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn ọkọ wọn.

“Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní ká gé rèé o.”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Bàbá sùn tí wọn ò jí. Ikú, o mú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ò rí wọn mú ní díẹ̀díẹ̀. Odindi la gbé wọn wọ ilẹ̀ Ìkòsí. Bàbá Ọláìyá, ẹ máa sáré lọ ire. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi wọ Àlùjánnà.